Ẹ̀fọ́ àti Irúgbìn Rẹ̀ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun kan fara sin nínú rẹ̀: kí tẹ̀tẹ̀ má baà tẹ́, ẹnìkan ní láti fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́. Bí irúgbìn bá parun, tẹ̀tẹ̀ tẹ́ nìyẹn, ọlọ́bẹ̀ sì bá a tẹ́. Ọ̀ràn yìí kan gbogbo àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan àwọn ará Ìlàjẹ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ, nítorí pé omi ni ó yí wọn ká, omi kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ irúgbìn tí a kó pamọ́.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ilẹ̀ Ìlàjẹ wà, ní ìhà gúúsù pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí òkun sì bẹ̀rẹ̀. Igbókọ̀dá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Ayétòrò, sí Awóyè, àti sí ọ̀pọ̀ abúlé mìíràn tí a kọ́ ilé wọn sórí òpó. Iṣẹ́ ẹja pípa ni ayé fi mọ àwọn ènìyàn yìí, ẹja tútù àti ẹja yíyan wọn sì ń kún ọjà. Ṣùgbọ́n ẹja nìkan kò lè di ọbẹ̀. Ewé ní láti bá a dé inú ìkòkò. Bí ewé kò bá sí nítòsí, a ó rà á láti òkè, a ó san owó ọkọ̀ lé e, yóò sì ti rọ kí ó tó dé etí òkun. Nítorí náà, ìdílé tí ó bá ní ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré lẹ́bàá ilé rẹ̀ kò ní ohun kékeré.

Ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ṣe ọgbà níbẹ̀ kò pọ̀. Apá kan jẹ́ yanrìn, apá kan jẹ́ ẹrẹ̀, apá kan sì jẹ́ àbàtà tí kì í gbẹ. Èyí tí ó burú jù ni iyọ̀. Nígbà òjò, omi dídùn a máa ṣàn wá láti òkè, a sì máa lé omi iyọ̀ padà sínú òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkè a fà, omi òkun a sì máa gba ẹnu odò wọlé wá. Ẹni tí ó bá pọn irú omi bẹ́ẹ̀ wọ́n ẹ̀fọ́ rẹ̀ yóò rí i pé etí ewé ń jó, pé ewé sì ń rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Òùngbẹ ni lóòótọ́, nítorí pé iyọ̀ inú ilẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà.

Àmì kan wà tí ojú lè fi mọ omi tí ó dára. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ kíyèsí ewéko kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ jọ àwọ̀ elésè-àlùkò, ní ọ̀nà omi Badagry. Kò pẹ́ tí ó fi tàn ká àwọn odò etí òkun, tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ àti apẹja. Ọ̀tá apẹja ni ewéko yìí, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ológbà, nítorí pé kò lè fara da iyọ̀. Níbi tí ó bá ti ń gbèrú, omi ibẹ̀ kò tíì níyọ̀ púpọ̀. Níbi tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n tí ó sì ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ológbà gbé garawa rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó sì lo omi òjò tí ó ti gbè pamọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá fa ewéko náà sókè, tí a kó o jọ títí ó fi jẹrà, ó di ilẹ̀dú tí ó dára fún ẹ̀fọ́.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ gíga lè fi pákó ṣe ebè tí omi kò ní lè gùn. Ó sì lè lo ọkọ̀ ojú omi tí ó ti gbó, kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa ro jáde, kí ó sì kó yanrìn, ẹrẹ̀ àti ewéko jíjẹrà sínú rẹ̀. Kí ó má ṣe gbin nǹkan kan sí i lọ́jọ́ náà. Kí ó jẹ́ kí òjò ńlá bíi méjì tàbí mẹ́ta kọ́kọ́ fọ iyọ̀ inú rẹ̀ jáde.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ìwà ẹ̀fọ́ kí a tó pinnu bí a ó ti pa ìran rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó wà. Àwọn kan wà tí a ń fi irúgbìn gbìn: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ìgbàgbá wà nínú wọn. Àwọn mìíràn wà tí a sábà máa ń fi igi wọn gbìn: ewúro, gbúre àti amúnútutù jẹ́ irú wọn. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì yóò ṣe wàhálà lásán.

Kí a kọ́kọ́ wo àwọn onírúgbìn. Ká ní obìnrin méjì gbin tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, láti inú irúgbìn kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ fa gbogbo èyí tí ó sanra tà, nítorí pé owó wà nínú wọn. Díẹ̀ tí ó ràn, tí ó ti yára tanná kí ó tó ga dé orúnkún, ni ó fi sílẹ̀ láti so irúgbìn. Ẹnì kejì kò fa ohunkóhun títí ó fi rìn yí ebè rẹ̀ ká. Ó wá ogún igi tí ewé wọn gbòòrò, tí kòkòrò kò jẹ púpọ̀, tí wọn kò sì tètè tanná, ó so okùn mọ́ wọn, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé, “Ẹ má ṣe fọwọ́ kan àwọn tí mo so okùn mọ́ o.” Lọ́dún kìn-ín-ní, owó ẹni àkọ́kọ́ pọ̀ ju ti ẹnì kejì lọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ń kéré sí i, ó sì ń yára tanná sí i, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yan àwọn aláìlera láti jẹ́ ìyá fún tọdún tí ń bọ̀. Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Ẹni tí ó ta ìyá tà, tí ó sì fi ìyókù ṣe irúgbìn, kò yẹ kí ó bínú sí ilẹ̀.

Bí a ti ń kó irúgbìn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí ara wọn. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ a máa so irúgbìn dúdú wínníwínní tí ń dán. Nígbà tí orí igi bá ti ń gbẹ, tí a sì fi ọwọ́ ra á tí irúgbìn ń bọ́ sílẹ̀, a ó gé e ní òwúrọ̀, a ó sá a sórí aṣọ, a ó fi ọwọ́ ra á, a ó sì fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn. Èso ewédú gùn bí ìka. Kí a já a nígbà tí ó bá gbẹ tí kò sì tíì là. Èèpo irúgbìn ewédú le púpọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í hù bí a kò bá ràn án lọ́wọ́. Nítorí èyí ni àwọn àgbẹ̀ fi máa ń dì í sínú aṣọ, tí wọ́n ń rì í bọ inú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí wọ́n sì ń tètè tù ú sínú omi tútù kí wọ́n tó gbìn ín. Ní ti ìgbàgbá, a ó fi èso rẹ̀ sílẹ̀ lórí igi títí yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. A ó là á, a ó fọ irúgbìn inú rẹ̀ nínú omi mímọ́. Èyí tí ó bá léfòó, kí a dà á nù. Èyí tí ó bá rì ni kí a sá gbẹ níbi òjìji.

Ẹ̀fọ́ àlejò kan wà tí ó lè fi ọ̀ràn ọ̀nà méjì yìí yé ènìyàn ju gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ lọ. Òun ni kábéèjì àwọn Potogí. Ṣáájú ọdún 1500 ni ọkọ̀ àwọn Potogí ti ń rìn ní etí òkun yìí, láti inú èdè wọn sì ni orúkọ tí òyìnbó ń pe Èkó, Lagos, ti wá. Kábéèjì tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà Nàìjíríà ni èyí tí ó dì bí orí. Láti òkè Jos, níbi tí òtútù ti ń mú, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ti àwọn Potogí yàtọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní couve galega kì í dì rárá. Igi rẹ̀ a máa nà sókè títí yóò fi ga ju ọmọdé lọ, a sì máa ń já ewé rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń já ewúro. Wọ́n a máa rẹ́ ewé náà wẹ́wẹ́ bí òwú sínú ọbẹ̀ pòtétò tí a ń pè ní caldo verde. Èyí tí wọ́n ń pè ní couve tronchuda ní ewé gbòòrò tí egungun àárín rẹ̀ funfun tí ó sì nípọn. Òun ni wọ́n ń fi ẹja oníyọ̀ gbígbẹ jẹ ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì. Ohun ìyanu kan ni pé bàbá ńlá gbogbo kábéèjì jẹ́ igbó lásán tí ń hù lórí àpáta etí òkun ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ òkun kì í ṣe àjèjì sí i.

Ní ilẹ̀ Potogí, àwọn àgbẹ̀ abúlé ti ń kó irúgbìn kábéèjì wọn fúnra wọn láti ìran dé ìran, tó bẹ́ẹ̀ tí ti abúlé kan fi yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní ọdún kìn-ín-ní, igi náà a máa hu ewé nìkan. Ìgbà òtútù a dé, igi a sì la òtútù náà kọjá. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí oòrùn bá padà, yóò na ọrùn sókè, yóò tan òdòdó yẹ́lò, yóò sì so èso tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí irúgbìn róbótó wà nínú rẹ̀. Igi kan ṣoṣo kò lè fi ìyẹ̀fun òdòdó tirẹ̀ bímọ dáradára. Oyin ni ó ń gbé ìyẹ̀fun láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ irúgbìn gbọ́dọ̀ fi igi púpọ̀ sílẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí oríṣi kábéèjì méjì tanná nítòsí ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé oyin kò mọ ààlà, ọmọ tí wọ́n bá sì bí kò ní jọ bàbá, kò ní jọ ìyá.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ará Ìlàjẹ kan bá ra irúgbìn kábéèjì Potogí, tí ó gbìn ín sí ebè tí ó dára, yóò hù, yóò sì jẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó tí ó ń dúró de irúgbìn bí ẹni dúró de tẹ̀tẹ̀, yóò pẹ́ níbẹ̀. Òtútù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lórí ìwọ̀n Celsius, ni ó ń sọ fún kábéèjì pé àkókò òdòdó ti tó. Ọyẹ́ kì í mú tó bẹ́ẹ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ. Igi náà yóò máa hu ewé lásán, kò ní mọ̀ pé ọdún ti yí. Ẹni tí kò mọ èyí yóò sọ pé wọ́n ta irúgbìn burúkú fún òun, yóò tún lọ ra òmíràn, owó rẹ̀ yóò sì máa lọ lọ́dọọdún.

Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ìdáhùn wà ní òdìkejì òkun. Ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn baba àwọn Àgùdà ti padà wá sí Èkó, ìbátan couve galega kan wà tí wọ́n ń pè ní couve-manteiga. Ooru ibẹ̀ pọ̀, òun náà kì í sì í fẹ́ tanná ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kò dúró de irúgbìn. Ọ̀mùnú kéékèèké tí ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ni wọ́n ń ya, tí wọ́n sì ń gbìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa ìran kan náà mọ́ fún ọdún púpọ̀. Ìlú kan náà yìí ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ewé tí wọ́n ń fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè, ní Bahia, tí wọ́n sì ń pè ní efó títí di òní. Bí orúkọ ẹ̀fọ́ bá lè ti ọ̀dọ̀ Yorùbá dé Brazil, kò burú bí ọgbọ́n ẹ̀fọ́ bá ti Brazil padà dé Ìlàjẹ.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó wá igi tí ó lera, tí ewé rẹ̀ kò ní àbàwọ́n. Bí kò bá tíì yọ ọ̀mùnú, a ó gé orí rẹ̀ kúrò, ọ̀mùnú yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọ̀mùnú bá gùn tó àtẹ́lẹwọ́, a ó fi ọwọ́ ya á láti ìdí, a ó já àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì gbìn ín sínú yanrìn tútù lábẹ́ ibòòji. A ó máa fi omi dídùn wọ́n ọn. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò ti ta gbòǹgbò, a ó sì lè gbé e lọ sí ebè. Ní kúkúrú, ní ilẹ̀ Potogí ọmọ ìyá tẹ̀tẹ̀ ni kábéèjì yìí, nítorí pé irúgbìn ni wọ́n fi ń pa á mọ́. Ní Ìlàjẹ, ọmọ ìyá ewúro ni. Igi náà kò yí padà. Ibi tí ó wà ni ó yí padà.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú ohun tí a ń fi igi gbìn. Bí àrùn bá wà lára ìyá, yóò bá ọmọ lọ. Bákan náà, a kò lè fi ọ̀mùnú sínú ìgò kí a gbé e pamọ́ di ọdún mìíràn. Bí omi iyọ̀ bá bo ọgbà ní òru ọjọ́ kan, ìran náà parí, àfi bí òmíràn bá wà lọ́gbà aládùúgbò. Nítorí náà, àpótí tí a ń fi ewúro, amúnútutù àti kábéèjì pamọ́ sí ni ọgbà ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ahun tí kò fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀mùnú rẹ̀ kò ní rí ibi tí yóò ti tọrọ padà lọ́jọ́ tí tirẹ̀ bá bàjẹ́.

Ní ti irúgbìn gbígbẹ, ọ̀tá rẹ̀ ní etí òkun ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Irúgbìn tí a dì sínú aṣọ tí a gbé kọ́ sára ògiri yóò máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, yóò hu èéfún, yóò sì kú kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ìgò tí ó ní ìdérí líle ni ó dára jù. Kí a kọ́kọ́ sá irúgbìn gbẹ dáadáa níbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí a wá yan ìrẹsì díẹ̀ nínú ìkòkò gbígbẹ títí yóò fi gbẹ dáadáa, tàbí kí a yá èédú lórí iná, kí a jẹ́ kí ó tutù nínú ohun tí ó ní ìdérí, kí a sì dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìgò. Òun ni yóò máa fa ọ̀rinrin tí ó kù. Kí a kọ orúkọ ẹ̀fọ́ àti ọdún sára ìgò, kí a sì gbé e sí ibi tí ó ṣókùnkùn tí ó sì jìnnà sí ooru ààrò. Lọ́dọọdún, kí a ka 50 nínú irúgbìn náà sórí aṣọ tútù. Bí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù, ọkàn wa lè balẹ̀. Bí èyí tí ó hù kò bá tó 25, kí a yára gbin ìyókù, kí a sì kó irúgbìn tuntun.

Kì í ṣe ìdílé nìkan ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan wà tí ń kó irúgbìn oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Nàìjíríà pamọ́. Ní ìlú Braga, àwọn Potogí ní irú rẹ̀ fún kábéèjì àti ohun ọ̀gbìn wọn mìíràn. Ní ọdún 2008 sì ni a ṣí ilé irúgbìn ńlá kan sínú òkè oníyìnyín ní Svalbard, ní ilẹ̀ Norway, kí ilẹ̀ púpọ̀ ní àgbáyé lè fi ẹ̀dà irúgbìn wọn pamọ́ síbẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí ó wà níbi kan ṣoṣo lè parun lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn ará Ìlàjẹ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1947 ni a tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun, ìlú náà sì di olókìkí nítorí ìṣọ̀kan àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará rẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti wọ inú omi, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó sì ti ṣí kúrò. Nígbà tí òkun bá lé ènìyàn, kò lè gbé ilẹ̀ rù, kò sì lè ká ebè rẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n ó lè mú ìgò kan dání. Ó sì lè lọ sí ilé ẹni tí ó fún ní ọ̀mùnú lọ́dún tí ó kọjá, kí ó sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya díẹ̀ nínú èyí tí mo fún yín.” Níbikíbi tí ó bá tún ti rí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọbẹ̀ ilé baba rẹ̀ yóò tún hó níbẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí omi odò níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìlàjẹ? Àmì wo ni ológbà lè fi mọ̀ ọ́n?
2. Ṣàlàyé ìdí tí tẹ̀tẹ̀ obìnrin àkọ́kọ́ fi ń kéré sí i lọ́dọọdún.
3. Kí ni ìdí tí a fi ń rì irúgbìn ewédú bọ inú omi gbígbóná?
4. “Ní Ìlàjẹ, ọmọ ìyá ewúro ni.” Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí?
5. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bí a ti ń pa irúgbìn mọ́ àti bí a ti ń pa ohun tí a ń fi igi gbìn mọ́.
6. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Ẹ̀fọ́ tí a ń gbìn ní àdúgbò mi; (b) Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.